SubD, NURBS tàbí àwọ̀n onígun mẹ́ta: èwo ló yẹ kí ẹnjiníà fi ya ojú tó tẹ̀?

Mo ti ya ọwọ́ ẹ̀rọ kan rí, irú èyí tí ènìyàn ń dì mú láti fi yí ẹ̀rọ, tí bíárìn 608 yóò jókòó sínú ihò ìdí rẹ̀. Ìta rẹ̀ bá àtẹ́lẹwọ́ mu bí ohun tí a fi amọ̀ mọ, inú mi sì dùn sí i, títí ẹni tó ń gé e láti ara alúmíníọ̀mù fi pè mí pé, “Ọ̀gá, ihò tí ẹ yà yìí kì í ṣe òbírí o.” Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó wọn ìbú ihò náà lẹ́ẹ̀kan, ó bá 22.00 mílímítà, ó yí i díẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó bá 21.91. Ìbú ìta bíárìn 608 jẹ́ 22 mílímítà, àwọn tó ń ṣe é kì í sì í jẹ́ kí ó yẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Bíárìn náà kò wọlé. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ ìgérin. Èmi ni mo fi irinṣẹ́ tó dára fún ìta ya inú.

Nítorí náà, kí n tó fi SubD, NURBS àti àwọ̀n onígun mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń ya ojú tó tẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wé ara wọn, mo fẹ́ sọ ìbéèrè tí mo fi ń yan báyìí: kí ni yóò fara kan ojú yìí nígbà tó bá kúrò nínú kọ̀ǹpútà? Bí ó bá jẹ́ irin mìíràn tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́, ìdáhùn kan wà. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn, afẹ́fẹ́, omi tàbí ojú ẹni tó fẹ́ rà á, ìdáhùn mìíràn ni. Ohun tó kù nínú ìfiwéra yìí, àlàyé ìdí rẹ̀ ni.

Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́

Àwọ̀n onígun mẹ́ta ló rọrùn jù láti lóye. A fi ègé pẹrẹsẹ onígun mẹ́ta bo ohun náà yíká, bí ẹni fi ègé taìlì bo ara ìkòkò. Bí ègé bá ṣe kéré tó ni ìkòkò yóò ṣe dà bí ìkòkò tó. Fáìlì STL, tí ilé-iṣẹ́ 3D Systems gbé jáde ní 1987 fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, kò ní ohun mìíràn nínú ju irú ègé bẹ́ẹ̀ lọ. A lè ṣírò ohun tí a ń pàdánù. Mú òbírí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 mílímítà: bí a bá fi ìlà títọ́ 36 rọ́pò rẹ̀, àárín ìlà kọ̀ọ̀kan yóò wọnú ju òbírí gidi lọ ní 0.19 mílímítà, bí a bá lo ìlà 100, àṣìṣe náà yóò já sí nǹkan bí 0.025. Àwọ̀n dára fún títẹ̀ jáde àti fún fífi ohun hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ tún ojú tó tẹ̀ ṣe lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé yóò tètè kẹ́dùn. Mo kà á sí ibi tí iṣẹ́ ń parí sí, kì í ṣe ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

NURBS, ìkékúrú non-uniform rational B-spline, ni èdè tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń bá ara wọn sọ: ojú tí a fi ìṣirò yà, tí àwọn ojúàmì díẹ̀ ń darí ìtẹ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni apá pàtàkì nínú gbòǹgbò rẹ̀ wà: Paul de Casteljau ní Citroën láti 1959, àti Pierre Bézier ní Renault ní àwọn ọdún 1960, ń wá bí wọn yóò ṣe sọ ìtẹ̀ ara ọkọ̀ di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Ní 1975, Ken Versprille kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Syracuse lórí B-spline (ìlà tàbí ojú títẹ̀ tí ojúàmì ń darí), irú èyí tí ojúàmì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ìwúwo tirẹ̀, tó fi ń fa ojú náà mọ́ra púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ìwúwo yìí ni ẹ̀mí NURBS, nítorí òun ló jẹ́ kí ó lè ya òbírí, agolo àti bọ́ọ̀lù láìsí àṣìṣe kankan, èyí tí àwọn méjì yòókù nínú ìfiwéra wa kò lè ṣe.

Àléébù rẹ̀ ni pé ègé NURBS kọ̀ọ̀kan dà bí aṣọ onígun mẹ́rin, gbogbo télọ̀ ló sì mọ̀ pé aṣọ onígun mẹ́rin kì í di ṣòkòtò láìjẹ́ pé a gé e kí a sì rán an. Ibi gígé àti rírán yìí ni wàhálà wà. Níbi tí ojú méjì bá ti la ara wọn kọjá, ìlà ìpàdé wọn ṣòro ju bí ó ṣe hàn lójú lọ: bí ojú méjèèjì bá jẹ́ irú tí a ń pè ní bicubic, tí ìṣirò rẹ̀ dé ìpele kẹta síhà méjèèjì, ìṣirò tí yóò sọ ìlà náà gẹ́lẹ́ lè ga dé ìpele 324. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìlà àfarawé ni wọ́n ń tọ́jú, àlàfo tín-ín-rín sì máa ń wà láàárín ègé méjì tí ojú rí bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sínú ètò tó ń ṣírò agbára irin, tí ètò náà sì sọ fún un pé ohun tó yà kò dí, mọ bí àlàfo yẹn ṣe ń jẹ àkókò.

SubD ni àwọn oníṣẹ́ fi gé orúkọ subdivision surface kúrú: ojú tí a pín, tí a tún pín, títí yóò fi dán. A kì í ya ojú náà fúnra rẹ̀. Àgò kan tó rí wúruwùru ni a ń yà yí i ká, òfin kan ni yóò sì máa pín àgò náà sí kéékèèké, tí yóò máa sún ojúàmì rẹ̀ wọnú títí tí kò fi ní igun mọ́. Ní 1974, George Chaikin fi hàn pé bí a bá ń gé gbogbo igun ìlà kan dànù léraléra, bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń fi ìfági bó etí pákó, ìlà náà yóò di ìlà títẹ̀ tó jọ̀lọ̀. Ní 1978, Edwin Catmull àti Jim Clark gbé èrò náà dé orí ojú, ní ọdún kan náà tí Daniel Doo àti Malcolm Sabin gbé tiwọn jáde. Pixar ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1990, èyí sì jẹ́ kí àwọn kan máa rò pé ohun ìṣeré ni. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Sabin ti kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ yíya ojú tó tẹ̀. Ọmọ ilé ni SubD nínú iṣẹ́ ẹnjiníà, kì í ṣe àlejò.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin Catmull àti Clark lórí àpótí kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 100 mílímítà, tí a fi òdo sí àárín gbùngbùn rẹ̀, tí igun kọ̀ọ̀kan fi wà ní 50 síhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin náà ní kí a fi ojúàmì tuntun sí àárín ojú kọ̀ọ̀kan. Kí a tún fi ọ̀kan sí ara etí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpíndọ́gba orí etí náà méjèèjì pẹ̀lú àárín ojú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a sún igun àtijọ́ wọnú. Ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, àárín etí kúrò ní 50 ó dé 37.5, igun sì kúrò ní 50 ó dé 27.8. Ojú mẹ́fà di 24, lẹ́yìn náà 96, lẹ́yìn náà 384. Bí a bá ń bá a lọ láìdúró, ohun tí yóò kù lọ́wọ́ wa dà bí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù: láti ojú sí ojú kò pé 84 mílímítà, láti igun sí igun sì lé ní 86. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àgò kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹni tó ya àgò 100 kò ní ohun 100 lọ́wọ́. Èkejì, ohun tó rí roboto lójú kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ roboto lábẹ́ ohun ìwọ̀n.

Oríta, ibi tí SubD ti ń borí

Padà sí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Mú páìpù mẹ́ta tó pàdé bí oríta, irú èyí tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí èéfín ti ń jáde, kí o sì ní kí ibi ìpàdé wọn dán láìní ojú rírán. Pẹ̀lú NURBS, o máa ya agolo mẹ́ta, o máa gé wọn, o máa wá ègé mìíràn tí yóò di àárín, o máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ètò náà pé kí ó jẹ́ kí etí wọn bára mu. Pẹ̀lú SubD, àgò kan ṣoṣo ni. O fà á síhà mẹ́ta, òfin pípín sì ṣe ìyókù. Kò sí ojú rírán nítorí pé kò sí ohun tí a gé. Èyí ni agbára tó tóbi jù tí SubD ní fún ẹnjiníà, mo sì rò pé gbogbo àǹfààní rẹ̀ yòókù wà lẹ́yìn èyí.

Àmọ́ oríta ní owó-orí tirẹ̀. Níbi tí etí mẹ́rin bá ti pàdé ní igun kan, tí gbogbo ojú tó yí i ká sì jẹ́ onígun mẹ́rin, ojú Catmull-Clark kò yàtọ̀ rárá sí bicubic B-spline tó wà nínú NURBS, ìtẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ láìjá. Ní oríta, etí mẹ́ta tàbí márùn-ún tàbí mẹ́fà lè pàdé, irú igun bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì kà sí àrà ọ̀tọ̀. Níbẹ̀, ojú náà ṣì dán, ọwọ́ tó bá gba orí rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Bí etí tó pàdé bá ju mẹ́rin lọ, ìtẹ̀ náà ń pọ̀ sí i láìní òpin bí a ṣe ń sún mọ́ igun náà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀. Fi ìlà iná gígùn tàn sára bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ní irú igun bẹ́ẹ̀, ìlà náà yóò gbọ̀n díẹ̀ níbi tó ti kọjá lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ojú ìta ọkọ̀ fi ń fẹ́ NURBS ní ìparí iṣẹ́. Tí ó bá di dandan kí igun àrà ọ̀tọ̀ wà, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí a tì í lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í gbà: abẹ́ ìdìmú, ẹ̀yìn etí, ibi tí ohun mìíràn yóò bò.

Nígbà tí ọ̀gá bá ní kí a yí i padà

Agbẹ́gilére kì í fi ojú àti ètè bẹ̀rẹ̀ ère. Ó kọ́kọ́ fi àáké gé igi náà sí orí, àyà àti ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní igun-igun. Ó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí kékeré, dídán sì ni ìgbẹ̀yìn. Bí SubD ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn ronú nìyẹn. Àgò tó ní ojú ọgọ́ta lè gbé odindi ìdìmú ẹ̀rọ ìlu-ihò, bí ọ̀gá bá sì ní kí ìka ìlábẹ̀ jókòó jinlẹ̀ sí i, ojúàmì mẹ́rin péré ni a ó fà. Ojú tó jìnnà sí wọn kò ní mì, èyí tó súnmọ́ wọn yóò sì yí padà láìdá ojú rírán kankan sílẹ̀. Níbi tí etí mímú bá pọn dandan, a lè sọ fún òfin náà pé kí ó má ṣe bó etí kan, tàbí kí ó dá a sí fún ìgbésẹ̀ méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Tony DeRose, Michael Kass àti Tien Truong ló ṣàlàyé ọ̀nà ìkẹyìn yìí ní 1998, òun ni a sì fi ń rí etí tó rọ̀ díẹ̀, bí irú èyí tí ike tí a dà sínú mọ́ọ̀dù sábà máa ń ní.

Pẹ̀lú NURBS, irú ìyípadà yìí lè tú ìrànpọ̀ ègé mẹ́wàá. Pẹ̀lú àwọ̀n onígun mẹ́ta, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó dán an wò.

Ìwọ̀n, ibi tí SubD ti ń ṣubú

Ẹ jẹ́ ká padà sí ihò mi. Àgò onígun mẹ́fà ni mo fi ya ihò náà, mo sì mú un tóbi títí tí ó fi pé 22 mílímítà ní ìbú tí mo wọ̀n nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí n kò rò ni pé ìlà tó jáde kì í ṣe òbírí: ó jìnnà sí àárín ní 11 mílímítà níwájú igun àgò, ó sì jìnnà ní 10.955 níwájú àárín ẹ̀gbẹ́ àgò. Bí mo bá lo àgò onígun mẹ́rin ni, àṣìṣe náà ì bá ti tó 0.3 mílímítà, tí ojú lásán yóò rí i. Bí ó bá jẹ́ onígun mẹ́jọ, yóò já sí nǹkan bí 0.013. Èyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń tẹ ike jáde kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣì lé sí ohun tí ìjókòó bíárìn lè gbà. A lè máa fi igun kún àgò títí àṣìṣe yóò fi pòórá, àmọ́ àgò tó ní igun púpọ̀ ti sọ ìrọ̀rùn tí a tìtorí rẹ̀ yan SubD nù. Ẹgbẹ́ olùwádìí kan, tí Sabin tún wà nínú wọn, fi hàn ní 2009 bí a ṣe lè so ìwúwo NURBS pọ̀ mọ́ igun àrà ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n SubD tí ọ̀pọ̀ wa ní lọ́wọ́ lónìí, irú Catmull-Clark lásán ni.

Ihò bíárìn, ojú tí rọ́bà ìdí-omi yóò jókòó lé, ibi tí síkúrù yóò gbà, ojú tí irin méjì yóò ti fara kanra: NURBS ni fún gbogbo rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Ìṣirò agbára

Ibì kan wà tí SubD ti fi ọgbọ́n hàn ju bí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ṣe mọ̀ lọ. Nígbà tí a bá fẹ́ mọ bí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò ṣe tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, a sábà máa ń ya ohun náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú NURBS, a ó sì tún fi àwọ̀n mìíràn bò ó fún ìṣirò, tí àkókò tó ń lọ sí ìyípadà yẹn kì í sì í kéré. Ìṣirò irin fẹ́lẹ́ sì ní ohun kan tó ń béèrè: ojú tí a fi ṣe é kò gbọ̀dọ̀ kán láàárín ègé kan àti èkejì, nítorí pé títẹ̀ ni a ń wọ̀n. Àwọ̀n onígun mẹ́ta lásán ń kán ní gbogbo etí. Ní 2000, Fehmi Cirak, Michael Ortiz àti Peter Schröder fi hàn pé SubD tí Charles Loop ṣe fún àgò onígun mẹ́ta ní 1987 ti ní dídán tí ìṣirò náà ń fẹ́, débi pé àgò kan náà tí a fi ya ohun náà lè jẹ́ àwọ̀n tí a fi ṣírò agbára rẹ̀. Ní 2005, Thomas Hughes, Austin Cottrell àti Yuri Bazilevs sọ irú èrò yìí di ẹ̀ka ìmọ̀ kan lórí NURBS. Fún ẹni tó ń ṣe ara ọkọ̀, àgbá tàbí òrùlé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì ní ètò tó lè ṣe é, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fojú sí ibí yìí.

Fífi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Fáìlì STEP, irú èyí tí àwọn ètò ìyàwòrán ẹnjiníà fi ń gbé ohun tí a yà fún ara wọn, ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gé irin máa béèrè lọ́wọ́ rẹ, NURBS ló sì sábà ń wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, SubD gbọ́dọ̀ di NURBS kí ó tó jáde. Níbi tí àgò bá ti wà létòlétò, ojú kọ̀ọ̀kan ń di ègé bicubic kan láìsí àdánù kankan. Yíká igun àrà ọ̀tọ̀, àwọn ègé náà kì í tán, wọ́n kàn ń kéré sí i títí láé, nítorí náà ètò gbọ́dọ̀ fi àfarawé parí ibẹ̀. Jos Stam ti fi hàn ní 1998 bí a ṣe lè ṣírò ojú gidi náà níbikíbi láìpín in léraléra, èyí sì jẹ́ kí àfarawé náà ṣeé fi wé òótọ́.

Nínú àwọn ètò ìyàwòrán, Rhino ti ní SubD nínú rẹ̀ láti ẹ̀dà 7, tó jáde ní 2020. Ilé-iṣẹ́ Autodesk ra T-Splines, tó jẹ́ ìbátan SubD, ní 2011, òun sì ni ó wà nídìí apá Form nínú Fusion, ètò ilé-iṣẹ́ náà. Creo ń pe tirẹ̀ ní Freestyle, NX ń pe tirẹ̀ ní Realize Shape, CATIA sì ní Imagine & Shape. Blender, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní SubD tó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í kọ fáìlì STEP fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ya ohun tí wọn yóò gé láti ara irin yóò bá ara rẹ̀ níwájú ọ̀gá ẹlẹ́rọ pẹ̀lú STL lọ́wọ́, ọ̀gá ẹlẹ́rọ yóò sì ní kí ó padà sílé.

Bí mo ṣe ń yàn án

Fún ohun tí a fẹ́ tẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan láti wò ó, mo máa ya SubD, mo máa sọ ọ́ di àwọ̀n, ó parí. Fún àpótí ìgíà tàbí ohunkóhun tó kún fún ihò àti ojú pẹrẹsẹ, mi ò ní mú SubD dé ibẹ̀ rárá. Fún ojú ìta ọkọ̀, SubD ni fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn ṣì ń yí ọkàn padà, NURBS sì ni fún ìgbà tí wọ́n bá ti fẹnu kò. Fún àṣíborí, ìdìmú, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti ìjókòó, àdàlù ni, ìtẹ̀léra ìgbésẹ̀ sì ṣe pàtàkì níbẹ̀: kí awọ ìta kọ́kọ́ jẹ́ SubD láìní ihò kankan nínú, kí a sọ ọ́ di NURBS, lẹ́yìn náà kí a fi agolo NURBS gé ihò. Bí a bá yí àgò padà lẹ́yìn náà, kí a máa sún ojúàmì rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fi ojú tuntun kún un tàbí tó yọ ọ̀kan kúrò lè rí i pé àwọn ihò àti etí tó ti so mọ́ ojú àtijọ́ ti tú.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tún ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn yà. Mo yọ ihò kúrò nínú àgò, mo dí ìdí rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ di NURBS, mo wá fi agolo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 22 mílímítà gé e ní jíjìn 7, tí í ṣe sísanra bíárìn 608. Ẹni tó ń gé e kò pè mí lọ́tẹ̀ yìí; àwòrán kan ló fi ránṣẹ́, bíárìn náà ti wà nínú ihò, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.